Wọ́n Ní Kí Ìyá Wá Fọwọ́ Sí Ìwé

                                        Ojúlé Kẹjọ,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn-Ọjà,
                                        Òmù-Àrán,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Asisat, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ìyá Khalilullah,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ilé ńkọ́? Bàbá Khalilullah ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń gbọ́ oògùn? Khalilullah fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò? Aládùúgbò rẹ tó máa ń wá yá iyọ̀ ní gbogbo ìgbà ńkọ́, ṣé ó ti ra tirẹ̀? Ọmọ Ìsánlú-Ìsin tó di ará Èkó, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ọmọ, mo kí ọ kú ìfaradà ooru. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á fi ẹkún kí ara wa. Tí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, ara le, orúnkún nìkan ló ń rán mi létí pé mo ti lé ní àádọ́ta. Màmá náà wà. Wọ́n ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì máa ń fi ẹran pamọ́ sábẹ́ iyán bí o ti máa ń ṣe nígbà tí a wà nílé ìwé.

Mo mọ̀ pé o ti ń sọ nínú ara rẹ pé kí ló ṣe Motúnráyọ̀ tó ń fi bírò kọ lẹ́tà láyé fóònù. Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù o. O ń ṣe ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n, mo sì ń gbọ́ ariwo ata tí o ń dín. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń fi ata díndín gbọ́. Pa iná ọbẹ̀, kí o jókòó.

O mọ ọ̀rọ̀ ilé Màmá. Láti ìgbà tí bàbá wa ti lọ ni Màmá ti wà lọ́dọ̀ mi níbí, nínú yàrá tí mo háyà, tí ojú fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíràn. Wọn kì í ráhùn. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, tí wọ́n bá ti gbàdúrà tán, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi mí ni pé ibo la bá ọ̀rọ̀ Àrándùn dé. Àrándùn ni wọ́n bí wọn sí. Ibẹ̀ ni bàbá wọn ti pín ilẹ̀ fún wọn, lẹ́sẹ̀ òkè olókùúta tó wà lẹ́yìn ìlú, wọn ò sì fẹ́ ju yàrá kan lọ tí wọ́n á ti máa wo ọ̀nà odò tí wọ́n ń gbà pọnmi nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Asisat. Kò sí ẹni tó lè sọ fún irú wọn pé kí wọ́n ṣì dúró ná. Ohun tó ń lé mi nìyẹn. Mo fẹ́ kí ìyá mi sùn nínú ilé ara wọn, ní ìlú wọn, kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Mo bá ya pílánù. Mo da búlọ́ọ̀kù. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wá, ó sì ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kó ìwé lọ bá àwọn tó ń fọwọ́ sí pílánù ilé, mo ti ń ronú irú ọ̀dà tí a ó fi kun yàrá Màmá. Ọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi yí i sí òsì, ó yí i sí ọ̀tún, ó ní ilẹ̀ yìí wà nítòsí ìsun omi tí àwọn èèyàn ń mu, pé àwọn ò lè tẹ òǹtẹ̀ lù ú àfi tí àwọn olómi ìjọba ní Ìlọrin bá kọ́kọ́ ní àwọn gbà. Mo ní omi wo? Omi tó ń sun lábẹ́ òkúta láti ayébáyé, tí kò ní ẹ̀rọ, tí kò ní mítà, tí ẹnikẹ́ni ò fi bíìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa rí? Ó ní omi ọ̀hún gan-an ni. Báyìí ni mo ṣe di èrò Ìlọrin.

Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, wọn ò dà mí láàmú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n fà mí lé lọ́wọ́, Ambrose lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kàbà ni, ó níwà, ó ti pè mí ní Mọ́mì kí n tó jókòó. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n mú un lọ sílé, kí n fara balẹ̀ kọ ọ́. Ìwọ náà mọ̀ mí, Ọlọ́run ò fi ìfarabalẹ̀ kún ohun tó fi dá mi. Inú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà ni mo ti kọ ọ́, lórí itan mi, gbogbo ìgbà tí dẹ́rẹ́bà bá bọ́ sí kòtò ni bírò mi ń fo sókè. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ pé ta ló ni omi tó wà nítòsí ilẹ̀ náà. Mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ni mo kọ síbẹ̀.

Kí o tó rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ẹ̀yin ará Ìsánlú-Ìsin ò mọ tiwa. Ìsun méjì ló wà lẹ́yìn ìlú níbẹ̀. Èyí tó wà lókè, lẹ́sẹ̀ òkúta, Ìyá là ń pè é. Á sun jáde, á ṣàn díẹ̀ bí ẹni tó yọjú síta wo ojú ọjọ́, á sì tún wọ abẹ́ òkúta lọ, a ò ní rí i mọ́. Èyí tó wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́, tí gbogbo àdúgbò ìsàlẹ̀ ń mu, Ọmọ là ń pè é. Àárín àwọn méjèèjì ni ilẹ̀ Màmá wà. Bí o bá bi ẹnikẹ́ni nílé wa pé ta ló ni omi, á ní Ìyá ló ni ín. Bí obìnrin ilé wa bá bímọ, a ó gbé ọmọ tuntun lọ wẹ̀ ní Ọmọ, lẹ́yìn náà a ó gun òkè lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá. Onígbàgbọ́ ń ṣe é, mùsùlùmí ń ṣe é, kò sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ pé kí nìdí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí ọ̀kan nínú wa bá fẹ́ tọ̀ sétí omi òkè, àwọn àgbà á ké mọ́ ọn pé ohun tí Ìyá bá jẹ ni Ọmọ ń mu. Mo rò pé wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá lásán ni.

Ó ṣe díẹ̀, Ambrose pè mí. Ó ní fọ́ọ̀mù mi dára, àmọ́ òun rí i pé màmá kan ló ni omi náà, pé kí màmá ọ̀hún wá fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gbà kí á kọ́lé síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ògúnlẹ́yẹ ni mo wà lọ́jọ́ náà ní Àrándùn. Àbúrò Màmá ni wọ́n, àwọn náà sì ni olórí ẹbí. Ẹ̀rọ kan ń lọ ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ já dáadáa, mo bá fi fóònù lé Bàbá létí, mo ní ará ọ́fíìsì olómi ló ń béèrè Ìyá. Bàbá sì dá a lóhùn bó ti tọ́ àti bó ti yẹ, bí Ambrose ṣe wá ròyìn rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ambrose ní ṣé màmá náà ti dàgbà púpọ̀? Bàbá ní wọ́n ju ìlú lọ. Ó ní ṣé wọ́n lè wọkọ̀ wá sí Ìlọrin? Bàbá ní wọn kì í kúrò lójú kan. Ó ní ṣé ara wọn le? Bàbá ní lọ́dún tí ọ̀dá dá, wọ́n rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ara ti mókun báyìí. Ó ní ṣé wọ́n lọ́mọ tó lè fọwọ́ sí i fún wọn? Bàbá ní ọmọ kan ṣoṣo ni, ìsàlẹ̀ ló ń gbé, òun náà kì í jáde. Àánú ṣe ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní kí á má dààmú àgbà, òun fúnra òun á wá kí wọn nílé.

Asisat, ó wá. Ọ̀kadà ló gùn láti Òmù-Àrán, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó sì ra búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá fún màmá àgbàlagbà. Bàbá Ògúnlẹ́yẹ ní kó káre, wọ́n ṣáájú, a tẹ̀lé wọn gba ẹ̀yìn oko. Èmi rò pé ó mọ ibi tí à ń lọ. Ó ń bi mí lójú ọ̀nà pé ṣé ẹ̀rù kì í ba màmá náà láti máa dá gbé níbi tó jìnnà báyìí. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkúta, Bàbá bọ́ bàtà, wọ́n nawọ́ sí omi, wọ́n ní, “Ìyá nìyí. Kí wọn.”

Ọmọ náà dúró, ó gbé ọ̀rá búrẹ́dì dání. Ó wo omi, ó wo Bàbá, ó wò mí. Ìgbà tó yé e, ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi di òkúta mú. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wò wá bíi pé orí wa ti dàrú. Ìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ambrose kọjú sí omi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní ẹ kú ilé o, Màmá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà náà. Ó fẹ́ gbé búrẹ́dì sílẹ̀ níbẹ̀, Bàbá ní rárá, Ìyá kì í jẹ búrẹ́dì, kí n gbé e lọ fún ìyá mi. Màmá jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú tíì, wọ́n sì súre fún ẹni tó rà á.

Ṣùgbọ́n kí á tó kúrò lókè, Ambrose béèrè ohun kan tó yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. Ó ní Bàbá sọ lórí fóònù pé wọ́n lọ́mọ, ọmọ ọ̀hún dà? Bàbá nawọ́ sí ìsàlẹ̀, wọ́n fi ibi tí Ọmọ wà hàn án, wọ́n sì sọ fún un pé ohun tí Ìyá bá jẹ ni Ọmọ ń mu. Ambrose wo ibi tí omi ti ń wọ abẹ́ òkúta. Ó wo búlọ́ọ̀kù tí mo tò sórí ilẹ̀ Màmá. Ó wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀ pátá. Ó bi mí pé ibo ni ihò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á máa lọ sí á wà. Mo fi hàn án, ẹ̀yìn yàrá Màmá gan-an ni. Ó kàn ń mi orí. Ó ní ọ̀nà wà tí a lè fi mọ̀ bóyá omi òkè ló ń jáde nísàlẹ̀ lóòótọ́, tàbí orúkọ lásán ni wọ́n fún wọn, pé òun á padà wá.

A kéde ní mọ́sáláṣí, a kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn pọnmi sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dé Ọmọ lọ́jọ́ Sátidé, pé tí omi bá yí àwọ̀ kí wọ́n má ṣe bẹ̀rù, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. O mọ àwọn èèyàn wa. O ní kí wọ́n má wá, gbogbo wọn ló wá.

Òkè ni mo wà pẹ̀lú Ambrose láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyẹ̀fun kan ló mú jáde nínú ike, kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, ó pupa bí ata gígún. Mo ní ṣé ata lo gbé wá fún Ìyá ni. Ó dà á sí ibi tí omi ti ń wọ abẹ́ òkúta. Ìyẹ̀fun pupa yẹn kan omi, Asisat, omi sì di àwọ̀ ewé. Kì í ṣe àwọ̀ ewé tí a mọ̀ o. Ó ń tàn. Ó dà bíi pé ẹnì kan tan iná sábẹ́ rẹ̀. Mo ti dàgbà tó báyìí, mo ti dúró létí òkun l’Ékòó, mi ò rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó wọ abẹ́ òkúta, ó lọ. Omi tó tẹ̀lé e mọ́ gaara bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Mo dúró, mo ń wo ojú ihò òkúta yẹn, ẹnu mi là sílẹ̀.

A sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọmọ. Wọ́n ti gbé Màmá wá, wọ́n ti fi àga sí abẹ́ igi máńgòrò fún wọn. Fulera wà níbẹ̀, obìnrin kan tó ń ṣe irú létí ìsun náà, tí kì í fi omi míì fọ irú rẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún Ambrose pé bí omi òun bá bàjẹ́, òun á bá a dé Ìlọrin, òun á sì sùn ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. A dúró. Oòrùn gòkè. Àwọn kan ní Ìyá ti gbé e mì. Àwọn kan ní ọmọ Kàbà yìí kàn wá fi wá ṣeré ni. Ambrose ń nu ojú rẹ̀. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, àdúrà tí èmi ń gbà nínú ni pé kí ó má jáde. Bí kò bá jáde, Ìyá kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni nìyẹn, ilé Màmá á sì dúró.

Wọ́n ti kírun àílà, àwọn ọkùnrin tó lọ sí mọ́sáláṣí ti padà dé, nígbà tí Fulera dìde. Kò pariwo. Ó kàn nawọ́.

Láti inú ihò òkúta tí Ọmọ ń gbà jáde, nǹkan kan fẹ́ẹ́rẹ́ ń bọ̀, tín-ín-rín bí òwú. Ó nípọn sí i. Ó tàn ká. Kò pẹ́ tí gbogbo ojú omi náà fi di àwọ̀ ewé, tó ń tàn, àwọ̀ kan náà gan-an tí mo fi ojú mi rí lókè láàárọ̀. Àwọn ọmọdé sá sẹ́yìn ìyá wọn. Bàbá Ògúnlẹ́yẹ ṣí fìlà lórí. Fulera kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ìró tó wọ̀ wá, kò sì rántí irú rẹ̀ rárá. Ní tèmi, mi ò mọ ìgbà tí mo di ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mú, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì ń dùn, àwọn méjèèjì mú mi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé ni omi yẹn ti ń rìn nínú òkùnkùn, lábẹ́ oko ẹ̀gẹ́, lábẹ́ búlọ́ọ̀kù mi, lábẹ́ ibi tí mo fẹ́ tẹ́ ibùsùn ìyá mi sí, kò sì ṣìnà lọ́jọ́ kan. Àwọn tó kọ́kọ́ pè wọ́n ní Ìyá àti Ọmọ, ta ló sọ fún wọn? Wọn ò ní ìyẹ̀fun. Mo ti bi ara mi títí, mi ò rí ìdáhùn, mi ò sì rò pé màá rí i. Ambrose pàápàá ní òun ti da ìyẹ̀fun yìí sí odò níbi púpọ̀, pé kò sí ibi tí wọ́n ti sọ ìdáhùn fún òun lórí fóònù kí òun tó kúrò nílé rí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ambrose pe èmi àti Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, ó ṣàlàyé fún wa. Ohun tó bá ti ẹ̀yìn yàrá Màmá jò wọlẹ̀, ọ̀nà tí omi yìí gbà náà ló máa gbà, inú ìkòkò Fulera ló sì máa jáde sí. Ó ní òun lè kọ ọ́ pé kí a mọ táǹkì oníkankéré tí kò ní jẹ́ kí nǹkan jò, ṣùgbọ́n òun ò ní tàn wá, kankéré a máa là tó bá pẹ́. Bí ẹni tó ni omi bá gbà á bẹ́ẹ̀, òun á gbé e lọ fún ọ̀gá òun, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí ẹni tó ni omi ò bá gbà, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ó jọ pé a ò ní ṣàì rí Ìyá tó máa fọwọ́ sí ìwé náà. Bàbá Ògúnlẹ́yẹ ní èyí ò le. Nílé àwọn, obìnrin tó dàgbà jù ló ń gbẹnu sọ fún Ìyá. Wọ́n yí ojú sí Màmá lórí àga. Wọ́n ní, “Àwọn náà ló kúkú jẹ búrẹ́dì Ìyá.”

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ẹni tí à ń kọ́lé fún gan-an ni yóò fọwọ́ sí i, ẹjọ́ wo ló tún kù? Mo ti ń bi Ambrose pé ínkì tí wọ́n á fi tẹ̀ka dà.

Màmá ní kí á gbé àwọn dìde. Èmi di apá kan mú, Fulera di èkejì, a sin wọ́n dé etí omi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ bu omi náà, àwọ̀ ewé ń kán sílẹ̀ láàárín ìka wọn. Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Wọ́n gbójú sókè wo òkè olókùúta, wọ́n wò ó pẹ́. Mo rí ojú wọn, Asisat, bí ojú ọmọdé ló rí, gbogbo ọdún inú rẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Ìgbómìnà, èyí tó jinlẹ̀ tí wọn kì í bá wa sọ ní Òmù-Àrán, tí ìwọ náà mọ bó ti ń dún létí. Wọ́n bi Bàbá pé, “Ṣé ẹ ní èmi ni Ìyá lónìí?” Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni.

Màmá ní, “Ìyá ò gbà.”

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn nínú ẹrẹ̀, mo ní Màmá, ilé yín mà ni, ilé tí ẹ ń béèrè láràárọ̀. Wọn ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n fi ọwọ́ tútù yẹn kàn mí lórí, wọ́n ní, “Mo mọ̀, ilé tèmi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní kí n jẹ́ Ìyá. Bí mo bá wá jẹ ìgbẹ́, kí ni ẹ fẹ́ kí ọmọ mi mu?”

Mo sunkún. Mi ò ní fi pamọ́ fún ọ. Inú bí mi sí wọn, inú bí mi sí Ambrose, inú bí mi sí ìyẹ̀fun. Mo ronú yàrá tó kọjú sí ògiri, mo ronú pé ibẹ̀ náà ni ìyá mi máa sùn sí. Fulera ti di ẹsẹ̀ Màmá mú, ó ń dúpẹ́, ó ń pè wọ́n ní Ìyá, Ìyá, mi ò sì mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń pè mọ́. Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, mo ń fi etí aṣọ nu ojú. Màmá ń wo ọwọ́ wọn tí àwọ̀ ewé ò tíì tán lára èékánná wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Ìgbà náà ni ìbínú mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Omi tó rìn lábẹ́ ilẹ̀ yà mí lẹ́nu, mi ò lè sẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin arúgbó tó jókòó tì mí, tí kò ní nǹkan míì tó fẹ́ láyé ju ilé yẹn lọ, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé rárá, òun ló yà mí lẹ́nu jù. Ìyá tó bí mi ni, mo sì ń wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú mi mọ̀ wọ́n lọ́jọ́ náà ni.

Nígbà tó yá, Bàbá Ògúnlẹ́yẹ pe ẹbí jọ, wọ́n sì fún Màmá ní ilẹ̀ míì lẹ́yìn òkúta, níbi tí ilẹ̀ ti dà sí ọ̀nà kejì, tí kò sí ohun tó lè ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ìyá tàbí Ọmọ. Ambrose padà wá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò séwu. Ìwé àṣẹ àwọn olómi ti jáde, àwọn onípílánù náà sì ti tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Ó wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ní ibi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó ni omi, Ambrose ò kọ orúkọ Màmá síbẹ̀. Ìyá ló kọ, bí èmi ṣe kọ ọ́ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́sí. Ìka Màmá ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Bá mi kí Bàbá Khalilullah, sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe fi ẹsẹ̀ yẹn gun àtẹ̀gùn mọ́. Kí Khalilullah, sọ fún un pé Màmá ń gbàdúrà fún un. Bàbá Ògúnlẹ́yẹ ní kí n kí ẹ̀yin ará Ìsánlú-Ìsin, pé ẹ lọ béèrè orúkọ omi tiyín lọ́wọ́ àwọn àgbà kí wọ́n tó tán. Bí o bá wálé fún ọdún Iléyá, mo fẹ́ mú ọ dé ìsun méjèèjì. Omi náà ti padà mọ́ gaara, o ò ní rí àwọ̀ kankan, ṣùgbọ́n o máa bọ́ bàtà.

Ó ku ohun kan. Ilẹ̀ tuntun yìí le. Òkúta ló pọ̀ níbẹ̀, a ní láti fọ́ ọ kí á tó wa ìpìlẹ̀, gbogbo búlọ́ọ̀kù tí mo tò sórí ilẹ̀ àkọ́kọ́ la máa gbé yí òkè ká. Ọ̀nà odò ò sì ní hàn lójú fèrèsé. Ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá wo ọjọ́ orí Màmá. Lánàá, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́, mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n rò pé ilé yìí máa tètè parí báyìí. Omi ni wọ́n ń mu, omi Ọmọ tí Fulera fi kẹ́ẹ̀gì fi ránṣẹ́ sí wọn láti Àrándùn. Wọ́n mu ún tán. Wọ́n gbé ife sílẹ̀.

Wọ́n ní, “Ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Omi náà ò kánjú, ó sì délé.”

Èmi ni tìrẹ, tí ẹnu rẹ̀ ò tíì padé,

Motúnráyọ̀.